Bí Mo Ṣe Kọ́ Ọkọ̀ ní Ohùn Méjì

Eku kan wà ní Pápá Àjàó tí mo pa láìfọwọ́ kàn án. Orí àjà ilé ìtajà tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ló ń gbé. Ó sanra bí ọmọ ológbò, májèlé ò ràn án, pàkúté ò mú un. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jó sàláńsà aláriwo sídìí ọkọ̀ kan, tí mo ní kí ẹni tó ni ín tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀, ṣe ni eku yìí já bọ́ láti orí àjà, ó nà gbalaja sórí káńtà, ó kú. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ béèrè lọ́wọ́ eku náà.

Làmídì lorúkọ mi, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé Muṣin tẹ́ ẹ béèrè Làmídì, wọ́n á fi Làmídì mẹ́rìnlá hàn yín. Bàbá Sàláńsà ni kẹ́ ẹ béèrè. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, sàláńsà ni páìpù oníkùn ńlá tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tó ń gba èéfín lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, tó ń pa ariwo rẹ̀ mọ́ra, tó sì ń tú èéfín náà sẹ́yìn. Ohun tí mo fi ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ṣe nìyẹn kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa máa ń wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo lèèyàn lè kọ́ báyìí? Ṣé kọ̀ǹpútà ni àbí iṣẹ́ ọwọ́?" Mi ò mọ̀dí kọ̀ǹpútà. Kíláàsì karùn-ún ni mo kàwé dé kí n tó rí ibi tí iná ti ń jáde lẹ́nu irin, mi ò sì padà síléèwé mọ́. Èyí tí mo mọ̀ ni màá sọ. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i pé iyọ̀ pọ̀ jù, ẹ bu omi sí i.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ ò gùn rárá. Àbúrò bàbá mi ló mú mi láti Ìsẹ́yìn wá, ó fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan, ó bá tiẹ̀ lọ. Owó tí mò ń rí nígbà yẹn ò tó ohun tí èèyàn ń rántí. Ọ̀gá mi ni kí n sọ.

Bísíríyù lorúkọ rẹ̀, Ọ̀gá Bísí là ń pè é. Èèyàn kúkurú ni. Iná ti jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ tán pátápátá, ojú rẹ̀ wá rí bíi ti ẹni tí nǹkan ń yà lẹ́nu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó ń ya ọkùnrin yẹn lẹ́nu. Odidi ọdún kan ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iná. Irin tó ti dípẹtà ni mò ń ha. Mo ha irin títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi le bíi pátákó. Títí dòní mo lè yọ ẹyin láàárín omi tó ń hó láìlo ṣíbí. Nígbà tí ìyàwó mi kọ́kọ́ rí i, ó rò pé oògùn ni mo sín.

Lọ́dún kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa bí a ṣe ń gbọ́rọ̀. Á fi èkísà dì wá lójú, á ṣáná sí ọkọ̀, á ní ká sọ ibi tí páìpù ti ń jò. Ẹni tó bá ṣì í, á fi ìkúùkù kan orí rẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, mo lè dùbúlẹ̀ sí yàrá wa ní Ìdí Òrò, kí ọkọ̀ kan máa kọjá lójú títì, kí n sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, ọjọ́ orí sàláńsà rẹ̀, àti ohun tí dírẹ́bà rẹ̀ jẹ láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lẹ́nu Ọ̀gá Bísí: "Ariwo ò le. Ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀ yìí mọ ariwo í pa. Ká pa á mọ́ra, ìyẹn gan-an niṣẹ́."

Àṣà kan sì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí mi ò rí níbòmíì. Kò sí ọkọ̀ tó ń kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé a tọ́ ọ wò. Ó ní ìyá tó se ọbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó bù ú fún àlejò. Nítorí náà, ẹni tó bá jó páìpù ni yóò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ jókòó. Wọ́n á wé gbogbo gíláàsì sókè, wọ́n á ṣáná, Ọ̀gá Bísí á jókòó síta lórí àpótí, á ju orógbó kan sẹ́nu, á máa rún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Àfìgbà tí orógbó yẹn bá tán kó o tó jáde. Tí páìpù bá ń jò, imú rẹ ló máa kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe imú oníbàárà.

Mo rántí ọkọ̀ kàbúkàbú kan tí mo sáré jó nítorí pé mo fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo wọ ẹ̀yìn, wọ́n wé gíláàsì. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú mi. Ọ̀gá béèrè látìta bóyá mo ń gbọ́ òórùn kankan. Mo ní rárá. Orógbó tán, ó kiwọ́ bọ àpò, ó mú òmíràn jáde, ó tún béèrè. Mo ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó máa fi mú ìkẹta jáde, ojú mi ti pọ́n bí ata, ni mo bá gbá gíláàsì.

"Ọ̀gá, ó ń jò."

"Kí ló ń jò? Ojú ẹ ni àbí páìpù?"

"Méjèèjì ni, sà."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ kí n tún un jó. Bí mo ṣe wà lábẹ́ ọkọ̀ ló lóṣòó tì mí, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bíi pé kò fẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́: "Làmídì, ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ò mọ̀ ẹ́ rí. Kò bá ẹ dúnàá dúrà. Àmọ́ abẹ́ ọwọ́ ẹ lẹ̀mí ẹ̀ wà."

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó ṣe fíríìdọ̀mù fún mi. Ìdánwò tó fún mi ni pé kí n ṣe sàláńsà tí òun ò ní mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí òun bá dijú. Mo ṣe é. Kódà mo ṣe é débi pé nígbà tó lajú, ó ní kí n tètè ṣáná ká bẹ̀rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi, mo sì gba àyè kékeré kan ní Pápá Àjàó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí iná iṣẹ́ jórinjórin lónìí tẹ́ ẹ rò pé bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn, ẹ ò bá kábáídì pàdé. Òkúta kan ni. À ń dà á sínú àgbá, à ń bomi sí i, á máa hó, á máa rùn bí àlùbọ́sà tó ti kú. Gáàsì tó bá jáde níbẹ̀ la fi ń jó irin. Àgbá mi kan bínú lọ́jọ́ kan, ó fò ré kọjá òrùlé mẹ́ta, ó balẹ̀ sẹ́yìnkùlé ìyá kan, ìyá yẹn bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó gbin tòmátò, kò sì dá a padà fún mi. Lẹ́yìn kábáídì, sìlíńdà gáàsì dé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná. Iná mànàmáná ò wá dúró, a ra jẹnẹrétọ̀. Nígbẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní ágọ́ọ̀nù dé, tó ń lẹ irin mọ́ irin bí ìgbà tí télọ̀ ransọ, tí iná rẹ̀ kò sì ń ta kiri. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ́. Èyí tó kẹ́yìn, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló padà wá kọ́ mi. Kò sóhun tó ń tini lójú níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè.

Àwọn oníbàárà náà yí. Láyé Ọ̀gá Bísí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ó ń pariwo, ẹ bá mi pa á." Bí mo ṣe ń dàgbà ni àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tí wọ́n ní, "Bàbá, kò pariwo tó." Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn ń ta aṣọ ní Yaba. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun máa bú bíi kìnnìún. Mo gé inú sàláńsà rẹ̀ dànù, mo fi páìpù gbọọrọ dípò. Ọjọ́ tí eku kú nìyẹn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó padà dé tòun ti ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀: onílé ti lé e. Onílé tuntun tó fẹ́ gbà á ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ gbé ariwo wọ àdúgbò òun. Ọmọkùnrin náà ò sì fẹ́ jẹ́ kí ariwo lọ. Ó ń bẹ̀ mí bí ẹni pé èmi ni mo dá ariwo.

Ìyàwó mi, Ìyá Múíbá, ń fọ abọ́ nídìí ẹ̀rọ omi níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Kí ló wá le níbẹ̀? Ẹ ṣe é kó ṣe é ṣí, kó ṣe é tì, bí ẹ̀rọ omi." Títí dòní, tí àlejò bá wọlé wa, kó tó jókòó tán ni obìnrin yìí máa ń sọ fún un pé òun lòun ni ọgbọ́n yẹn.

Òun náà ló ni ín, mi ò jiyàn. Bó ṣe rí rèé: mo pín páìpù sọ́nà méjì bí ìkóríta. Ọ̀nà kan gba inú sàláńsà jẹ́jẹ́ kọjá, èkejì yọ síta tààrà. Lẹ́nu èyí tó yọ síta, mo fi ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan sí i, tó rí roboto bí ìdérí agolo mílíìkì, mo fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gún un láàárín, ọ̀pá náà yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, mo wá so wáyà búréèkì kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, mo gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀ ọkọ̀, mo fa wáyà náà wọlé sẹ́bàá ìjókòó dírẹ́bà. Fa wáyà, ilẹ̀kùn á ṣí, ọkọ̀ á bú. Tú u sílẹ̀, ilẹ̀kùn á padé, èéfín á gba inú sàláńsà, ọkọ̀ á máa sọ̀rọ̀ bí ìyàwó tuntun. Ọmọ aláṣọ yẹn máa ń bú títí dé kọ́nà àdúgbò rẹ̀, á sì dákẹ́. Onílé rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó fi í ṣe akọ̀wé àwọn ayálégbé.

Ọ̀gá Bísí ti darúgbó nígbà náà, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó gbọ́, ó wá. Ó ní kí n ṣí i, ó gbọ́ ọ. Ó ní kí n tì í, ó gbọ́ ọ. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀, ó fọwọ́ pa ibi tí ọ̀pá ti yọ jáde lára páìpù. Mo ń retí pé yóò bú mi.

"Ohùn méjì lo fún un," ó wí. "Ìkòkò ọbẹ̀ méjì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kó o máa tọ́ ọ wò."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló papò dà. Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Iṣẹ́ wá ń wọlé lóòótọ́. Wọ́n ń ti Sùúrùlérè wá, wọ́n ń ti Yaba wá. Ọlọ́pàá kan bẹ́rí fún ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ mi kó tó rí i pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Orí mi wú. Ẹni tórí rẹ̀ bá sì ti wú, etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń di. Mo ṣì ń tọ́ ọbẹ̀ wò o, mi ò pa àṣà jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí nìkan ni. Ibẹ̀ ni ìran wà, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́. Màá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bí ọba, ọkọ̀ á máa bú, gbogbo àdúgbò á yọjú. Ta ló fẹ́ jókòó wo ìdákẹ́jẹ́ẹ́? Mo ní èyí tó ń dákẹ́, kí ni ìyẹn lè ṣe?

Dàpọ̀ ni orúkọ ọmọkùnrin tí mo tìtorí rẹ̀ kọ́gbọ́n. Kọ̀ǹpútà niṣẹ́ rẹ̀, Yaba ló háyà ilé sí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, Sùúrùlérè ló ń gbé, Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Dàpọ̀ ló máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, Tíṣà ò sì fẹ́ ariwo létí. Ọmọ yìí ò lo wáyà kẹ̀kẹ́. Ó ra mọ́tò kékeré kan tó ń lo bátìrì ọkọ̀, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì lèèyàn ń tẹ̀ tí ilẹ̀kùn á fi ṣí. Òun so wáyà iná, èmi jó irin. Mo gbẹ́ ihò sílẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn kí wáyà lè gba ibẹ̀ wọlé, mo fi gọ́ọ̀mù dí etí ihò náà. A tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ bú, mo jókòó sẹ́yìn, orógbó tán, ojú mi gbẹ. Ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú kejì ni òjò ń rọ̀ láàárọ̀. Dàpọ̀ wé gíláàsì sókè, ó ti ilẹ̀kùn páìpù pa nítorí bàbá rẹ̀, wọ́n sì forí lé ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà wà lẹ́yìn, lórí ihò tí mo gbẹ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé tí ilẹ̀kùn yẹn bá padé, èéfín tí kò rí ọ̀nà tààrà gbà mọ́ á máa ti ara rẹ̀, á máa wá ibi tó máa gbà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá, níbi tó ti yọ jáde lára páìpù, ló gbà jáde. Ooru páìpù sì ti yọ́ gọ́ọ̀mù tí mo fi dí ihò. Èéfín tó ń pani kì í fìgbà gbogbo rùn. Tíṣà sùn. Dàpọ̀ rò pé oorun àgbà ni, orí ń fọ́ òun náà, ó rò pé ebi ni. Nígbà tí wọ́n dé, ó jí bàbá rẹ̀ títí, kò jí. Nọ́ọ̀sì kan tó wà nínú ìjọ ló ní kí wọ́n gbé e jáde síbi atẹ́gùn, wọ́n sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù.

Dàpọ̀ pè mí lórí fóònù. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Bàbá, Dádì ò jí." Mo ti gbọ́ ohùn púpọ̀ láyé mi, mi ò gbọ́ èyí tó wúwo tó ìyẹn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi àti Ìyá Múíbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, mo ń wo ẹ̀yìn. Mo fẹ́ dá bọ́tìnnì lẹ́bi, mo fẹ́ dá òjò lẹ́bi. Nígbà tó yá, ìyàwó mi béèrè bóyá mo tọ́ ọ wò nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tún béèrè mọ́.

Atẹ́gùn ni wọ́n ń fi páìpù kékeré fún Tíṣà nímú. Ẹ wò ó bí Ọlọ́run ṣe ń fi ẹni ṣẹ̀fẹ̀: páìpù tèmi fẹ́ pa á, páìpù tiwọn ń gbà á là. Lọ́jọ́ kẹta ni Tíṣà lajú, tó mọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì ọsibítù tó tutù.

"Ẹ dìde," ó ní. Ohùn rẹ̀ ṣì há. "Ṣé ẹ̀yin lẹ jó o?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó gbé e fún ọmọ yìí?"

"Mo wo ìdajì rẹ̀, sà."

Mo sọ fún un pé mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, pé mo ti fi iná jíjó sílẹ̀ títí láé. Dàpọ̀ ní òun á ní kí mẹkáníìkì kan yọ gbogbo ẹ̀ dànù. Tíṣà gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́.

"Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹlòmíì á lọ ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíì. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi, a kì í lé e lọ sílé. Kíláàsì yẹn náà ló máa tún jókòó sí."

"Tíṣà, mo ti dàgbà jù fún kíláàsì."

"Ẹ ti dàgbà jù láti sá kúrò níbẹ̀."

Bí mo ṣe padà sí kíláàsì nìyẹn, tèmi tirun funfun. Gbogbo ọkọ̀ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ni mo pè padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ò fẹ́ wá, mo lọ bá wọn nílé. Mo fi omi ọṣẹ pa etí gbogbo ọ̀pá, a ṣáná, ibi tó bá ti ń yọ ìfófòó la mọ̀ pé ó ń jò. Mẹ́ta ló ń jò nínú wọn. Tí mo bá rántí àwọn mẹ́ta yẹn, ara mi ṣì ń bù máṣọ. Ti Dàpọ̀ ni mo fi kẹ́yìn. Mo gbé ilẹ̀kùn náà kúrò lábẹ́ ibi tí èèyàn ń jókòó, mo sún un lọ sábẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn gan-an, kó jẹ́ pé bó bá tilẹ̀ jò, ìta ni yóò jò sí. Mo fi irin dí ihò ilẹ̀ ọkọ̀, mo jó o pa. Dàpọ̀ fa wáyà tiẹ̀ gba ìta. Mo sì tọ́ ọ wò: orógbó kan fún ìgbà tó ń bú, orógbó méjì fún ìgbà tó ń dákẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan iṣẹ́, ibi tí mò ń lọ nìyí. Kò sí iṣẹ́ tí kò ní apá tó ń gbàtẹ́wọ́ àti apá tí ẹnikẹ́ni ò wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kọ̀ǹpútà náà, Dàpọ̀ sọ fún mi pé tiyín ní in. Apá kejì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ dára, mo fi ọkàn sọ ọ́. Ó fún mi ní ilé, ó fún mi ní ìyàwó tó ń fi mí ṣẹ̀sín, ó jẹ́ kí n rí i pé èèyàn lè ṣì í, kó tún un ṣe, kó sì sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ̀ Dàpọ̀ yìí ni mo sì fi parí iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ tó wá gbé e, ọ̀sán ganrínganrín ni, Tíṣà bá a wá. Ó ti rù. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, òun ò tíì sùn gbádùn, ì báà jẹ́ lórí ibùsùn òun. Tí oorun bá ti fẹ́ gbé òun, àyà òun á já bíi pé òun ò ní padà wá mọ́, òun á sì fò dìde. Dókítà fún òun ní oògùn, òun ò fẹ́ lò ó.

"Mo fẹ́ jókòó síbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Kẹ́ ẹ wé gíláàsì. Kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn páìpù yẹn pa. Kí ẹ̀yin náà jókòó tì mí."

Ìyá Múíbá ní ká kúkú jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sójú kan kóun máa wò wá. Tíṣà ní rárá, ọkọ̀ tó ń rìn lòun ń wọ̀. Ìyàwó mi wo èmi, ó wo ọkọ̀, ó ní, "Ẹ ṣáà rántí pé ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbé ìgò gáàsì wọlé tẹ́ ẹ bá dé." Mo mọ ohun tó ń sọ.

A gbéra. Mo ní kí Dàpọ̀ má tan amúlétutù, kí afẹ́fẹ́ míì má baà wọlé tàn wá jẹ. Ooru mú wa bí ẹja inú agbada. Ọkọ̀ náà dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ aago ọwọ́ Tíṣà. Títí a fi kọjá Ìdí Òrò, ó di irin ìdìmú ẹnu ọ̀nà mú gírígírí, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó, bí ẹran méjì tí wọ́n so mọ́ èèkàn kan. Mo ń fa imú bí ajá. Kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn tá a kọjá Ojúẹlẹ́gba, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ kúrò lára irin. Orí rẹ̀ rọra yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó balẹ̀ sórí èjìká mi. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú imú rẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ tí kì í mọ omi gbígbóná, báwo ló ṣe máa mọ èémí? Mo yí i padà, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó. Nígbà yẹn gan-an ni Tíṣà hanrun. Mo sọ fún yín, gbogbo ọkọ̀ tí mo ti ṣe láyé, kò sí èyí tó bú tó bẹ́ẹ̀. Gíláàsì ń gbọ̀n. Ọlọ́kadà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wo ìdí ọkọ̀ wa bóyá nǹkan ti já.

Dàpọ̀ ń wò wá nínú dígí, omi ti kún ojú rẹ̀. "Bàbá, ṣé wọ́n…"

"Wọ́n ń sùn ni. Máa wa ọkọ̀ ẹ lọ."

A dé Jíbówú, níbi tó yẹ ká ti padà. Mo fọwọ́ júwe fún un pé kó má yà. A yípo, a tún yípo. Òógùn bo mi, èjìká mi ti kú, itọ́ Tíṣà ti rin aṣọ mi, mi ò mira. Ìgbà kẹrin tá a máa kọjá níwájú àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ìrìnàjò jíjìn ló jí fúnra rẹ̀, láìta gìrì. Ó nu ẹnu, ó béèrè ibi tá a dé.

"Jíbówú ni, Tíṣà."

"Ṣé a ò tíì kọjá Jíbówú látìgbà yẹn?"

"A ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, sà."

Ó wo gíláàsì tó wà ní wíwé sókè, ó wo ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún gbé orí lé èjìká mi, ó dijú.